Ímeèlì kò dé, owó kò wọlé: Àṣìṣe inú ìwé orúkọ tó ń lé oníbàárà lọ

Ká sọ pé ìyá aládìrẹ kan wà lọ́jà Ìtokú, nílùú Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ẹni tó kàn ń jókòó ti ọjà rẹ̀ títí oníbàárà yóò fi kọjá. Ó ti gba orúkọ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ti bá a ṣe wẹ́bùsáìtì síbẹ̀. Àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lára káàdì rẹ̀ kì í ṣe ti Gmail tàbí Yahoo, orúkọ ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ń jẹ́. Lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ ra 300 yáàdì àdìrẹ. Ìyá dá a lóhùn, ó sọ iye tó máa gbà. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ti ń ṣírò iye aró tó máa rà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọkùnrin tó ń mójú tó wẹ́bùsáìtì náà kó o kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí owó tirẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Wẹ́bùsáìtì ń ṣí dáadáa, àwòrán àwọn àdìrẹ sì ń hàn kedere. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé kankan kò wọlé sínú ímeèlì ìyá mọ́. Ó ra dátà tuntun, kò yí nǹkan kan padà. Ó pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìyẹn gbowó, ó ní òun ti pa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, ó tún ní nẹ́tíwọọ̀kì ló ń ṣe é. Ní Peckham lọ́hùn-ún, oníbàárà ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta pé òun ti gbà, kí ìyá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ kí òun lè sanwó. Gbogbo rẹ̀ ló ń padà wá bá a, èsì tó sì ń bá a wá ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé oníjìbìtì ni wọ́n, ó sì ti lọ ra aṣọ níbòmíràn.

Nẹ́tíwọọ̀kì kọ́, fáírọ́ọ̀sì kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ohun tí wọ́n ń pè ní DNS, ìyẹn ìwé tí íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ orúkọ àti ojúlé gbogbo èèyàn sí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀ pé òun ní ojú ewé kan nínú ìwé náà, àfìgbà tí ojú ewé ọ̀hún bá ya. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ díẹ̀, yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò sì ní máa ra oògùn àìsàn tí kò ṣe é.

Bí ìwé orúkọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn kọ̀ǹpútà kì í fi orúkọ wá ara wọn, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. Bí èèyàn ṣe ń tẹ orúkọ lórí fóònù tí fóònù sì ń bá a wá nọ́ńbà ẹni náà jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń wá nọ́ńbà orúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ sí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó wà lórí ètò yìí kò tíì pọ̀, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo orúkọ sí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn yòókù sì ń dà á kọ. Nígbà tí èrò pọ̀, apá wọn kò ká a mọ́. Lọ́dún 1983, Paul Mockapetris, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ètò DNS kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ìwé kan ṣoṣo mọ́. Olúkúlùkù tó bá ní orúkọ ló ní ojú ewé tirẹ̀, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa júwe ibi tí ojú ewé náà wà.

Nígbà tí oníbàárà Peckham tẹ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, sáfà tó ń bá a gbé ìwé kò mọ Ìtokú rárá. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni kó béèrè ọ̀nà. Ó bi àwọn tó wà ní gbòǹgbò ètò náà léèrè, àwọn yẹn ní kó lọ bá àwọn tó ń tọ́jú orúkọ tó parí sí .ng. NiRA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, ló wà nídìí èyí. Àwọn yẹn náà wo ìwé wọn, wọ́n júwe sáfà tó ń tọ́jú ojú ewé ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ. Ibẹ̀ ló ti máa rí ìlà kan tí wọ́n ń pè ní MX, tó ń sọ orúkọ ilé tí ìwé ṣọ́ọ̀bù náà ń wọ̀ sí. Yóò tún béèrè nọ́ńbà ilé ọ̀hún. Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé tán ló tó kan ilẹ̀kùn, tó sì gbé ìwé sílẹ̀. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé kí gbogbo ìbéèrè yìí tó parí.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n bi léèrè bá dákẹ́, tàbí tó júwe ilé onílé, abéèrè yóò ṣìnà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá aládìrẹ nìyẹn. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn kó wẹ́bùsáìtì, ó gbé gbogbo ojú ewé orúkọ náà lọ sí ilé-iṣẹ́ tuntun. Ó da ìlà tó jẹ́ ti wẹ́bùsáìtì kọ, ṣùgbọ́n kò da ìlà MX kọ. Ilé-iṣẹ́ tuntun fi ìlà tirẹ̀ dí àyè yẹn, ló bá di pé ilé tuntun ni ìwé ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣí àpótí kankan fún ìyá.

Kókó tó yẹ kó yé oníṣòwò níbí ni pé ọ̀tọ̀ ni ìlà wẹ́bùsáìtì, ọ̀tọ̀ ni ìlà ímeèlì. Pé wẹ́bùsáìtì ń ṣí kò fi hàn pé ímeèlì ń wọlé.

Ìwé tó padà ní ohun tó ń sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa èsì tí sáfà fi ránṣẹ́ rẹ́ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le. Àṣìṣe ńlá ni, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tó fa wàhálà sí. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n wá ni nọ́ńbà onídìíjìtì mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, bíi 450 tàbí 451, kò tíì tán síbẹ̀. Sáfà ń sọ pé òun kò rí ọ̀nà báyìí, òun yóò tún gbìyànjú. Òfin ímeèlì ní kí sáfà máa gbìyànjú títí fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kó tó sọ pé ó sú òun. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé fi lè padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 5 ló bẹ̀rẹ̀, bíi 550, ìpinnu ti wà nílẹ̀, sáfà kò ní gbìyànjú mọ́.

Lẹ́yìn nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá kọ “Domain not found” tàbí “Host not found”, orúkọ fúnra rẹ̀ ni wọn kò rí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ̀wé ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àsìkò orúkọ náà ti tán. Bí ó bá jẹ́ “timed out” tàbí “SERVFAIL”, wọ́n béèrè ọ̀nà ni, ẹni tí wọ́n bi kò dáhùn bó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ “No such user”, ìwé dé ilé kan, àwọn ará ilé náà ló ní àwọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá sì dárúkọ SPF tàbí PTR, ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ ni wọ́n ń fura sí.

Ìbéèrè kan tún wà tí kò gba ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rárá: ṣé ẹnì kan ni ìwé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, àbí gbogbo èèyàn? Bí ó bá jẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo, tí ti àwọn yòókù sì ń lọ, ọ̀dọ̀ oníbàárà yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí ìwé kankan tó ń wọlé, tàbí tí gbogbo èyí tó ń jáde bá ń padà, ọ̀dọ̀ oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí

Àkọ́kọ́ ni owó orúkọ tí wọn kò san. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń san owó yìí, bí àsìkò bá sì ti kọjá, orúkọ náà lè kúrò nínú ìwé, ímeèlì àti wẹ́bùsáìtì yóò sì jọ kú pọ̀ ni. Àwọn ńláńlá náà ti ṣubú níbí. Lásìkò Kérésìmesì ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Microsoft kò san owó orúkọ passport.com, èyí tí àwọn tó ń lo Hotmail ń gbà wọlé. Dọ́là 35 péré ni owó ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí ímeèlì wọn ṣí, títí tí Michael Chaney, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fi fi káàdì ara rẹ̀ san án.

Ìkejì ni kíkó wẹ́bùsáìtì láti ibì kan sí ibòmíràn, èyí tó mú ìyá aládìrẹ. Ìkẹta ni kí wọ́n ṣi ìlà MX kọ. Orúkọ ilé ló yẹ kó wà lórí ìlà yìí, kì í ṣe nọ́ńbà. Orúkọ ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìnagijẹ tó tún ń júwe orúkọ mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní CNAME. Ó sì gbọdọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé. Bí ọ̀kan nínú èyí bá yẹ̀, àwọn sáfà kan lè rí ọ̀nà kí àwọn mìíràn má rí i, èyí tó máa ń mú kí àwọn èèyàn rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ló ń ṣe ségesège.

Ìkẹrin ni kí sáfà tó ń tọ́jú ojú ewé náà ṣàìsí lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, àṣìṣe nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe mú kí àwọn sáfà DNS Facebook pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Facebook, Instagram àti WhatsApp kò ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún oníṣòwò ni pé sáfà tó ń tọ́jú ojú ewé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní méjì, ó sì dára kí wọ́n má wà lójú kan náà.

Ìkarùn-ún kan àwọn tó gbé sáfà ímeèlì tiwọn sínú ọ́fíìsì. Sáfà náà ní ẹni tó máa ń bá a béèrè ọ̀nà. Bí nọ́ńbà olùbéèrè yìí bá ti yí padà, bóyá torí pé wọ́n pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, sáfà yóò máa bi òkú léèrè ọ̀nà. Ìwé kò ní jáde, yóò kàn máa tò jọ. Lórí Linux, Postfix lè ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ṣe àtúnṣe sí ti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wo ti Postfix náà, kó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo nẹ́tíwọọ̀kì ọ́fíìsì, ìyẹn firewall, náà lè fa wàhálà. Ẹnu ọ̀nà 53 ni ìbéèrè DNS ń gbà, ó sì yẹ kó ṣí fún UDP àti TCP. Bí wọ́n bá ti TCP pa, ìdáhùn kékeré yóò máa wọlé, ìdáhùn tó gùn kò ní wọlé.

Ìkẹfà ni ti ìdánimọ̀ ẹni tó ń fi ìwé ránṣẹ́. Nítorí àwọn oníjìbìtì, sáfà tó gba ìwé náà máa ń padà sínú DNS láti wò bóyá ẹni tó kọ̀wé ni lóòótọ́. Yóò wo ìlà SPF, tó ń sọ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà kọ̀wé. Yóò wo DKIM, tó dà bí òǹtẹ̀ tí wọ́n lù mọ́ ìwé. Yóò sì wo PTR, tó ń sọ orúkọ tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà sáfà náà. Láti oṣù Kejì, ọdún 2024, ni Google àti Yahoo ti mú ọ̀rọ̀ yìí le. Google ní ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé sí Gmail gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, kí PTR sáfà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìwé 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF àti DKIM, kí wọ́n tún ní DMARC. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní àwọn ìlà yìí lè rí i pé ìwé òun ń padà, tàbí pé inú àpótí Spam ló ń bọ́ sí.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Àyẹ̀wò yìí kò gbówó lọ́wọ́ èèyàn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, wọ́n á ṣí Command Prompt, wọ́n á tẹ nslookup -type=mx, wọ́n á fi àyè sílẹ̀, wọ́n á wá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà láìfi ohun tó ṣáájú àmì @ sí i. Bí ó bá dáhùn pé “mail exchanger”, tó sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé fún wọn, ìlà náà wà. Bí ó bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí oníṣòwò kò mọ̀ rí, wọ́n ti rí ẹni tó ń gbé ìwé gba ibòmíràn. Bí ó bá sọ pé “Non-existent domain”, kí wọ́n yára lọ wo ọjọ́ tí owó orúkọ náà tán.

Bí kò bá dáhùn rárá, kí wọ́n tún un tẹ̀, kí wọ́n fi 8.8.8.8 sí ìparí rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí sáfà Google bá wọn béèrè. Bí Google bá rí ìdáhùn tí ti ọ́fíìsì kò rí i, olùbéèrè ọ̀nà inú ọ́fíìsì ló kú. Bí Google náà kò bá rí nǹkan kan, ojú ewé orúkọ náà gan-an ló ní àrùn. Wọ́n tún lè fi -type=ns rọ́pò -type=mx láti mọ ẹni tó ń tọ́jú ojú ewé ọ̀hún. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí lórí fóònù, níbi tí wọ́n ń pè ní MXToolbox.

Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, sùúrù ló kù. Àwọn sáfà káàkiri ayé máa ń pa ìdáhùn àtijọ́ mọ́ fún ìwọ̀n àsìkò tí wọ́n kọ sí ojú ewé náà, tí wọ́n ń pè ní TTL. Bí wọ́n bá kọ 3600, wákàtí kan ni. Bí wọ́n bá kọ 86400, odidi ọjọ́ kan ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń dín TTL kù sí 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún, ní bí ọjọ́ méjì kó tó kó ohunkóhun, tí kì í sì í ti àpótí ìwé àtijọ́ pa títí ọjọ́ mélòó kan yóò fi kọjá.

Ta ló ni orúkọ?

Wàhálà tó tóbi ju gbogbo èyí lọ kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn ṣe wẹ́bùsáìtì. Orúkọ tirẹ̀ ló fi gbà á, páásíwọọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì ń rí ìkìlọ̀ pé owó ti fẹ́ tán. Bí ó bá rìnrìn-àjò, tàbí tí ìjà bá dé, ṣọ́ọ̀bù ti di ayálégbé nínú orúkọ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ onílé sínú ìwé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí orúkọ oníṣòwò wà lórí orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí páásíwọọ̀dù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àdírẹ́sì tí ìkìlọ̀ ìsanwó ń wá sí tún gba ọgbọ́n. Kò yẹ kó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù náà, torí bí orúkọ bá kú, ìkìlọ̀ kò ní rí ibi wọ̀. Gmail oníṣòwò fúnra rẹ̀ dára fún èyí. Kí wọ́n sì tẹ ojú ewé náà sórí ìwé, gbogbo ìlà rẹ̀ pátá, kí wọ́n fi pamọ́ síbi tí ìwé ilé-iṣẹ́ wà. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ba nǹkan jẹ́, inú ìwé yẹn ni wọ́n yóò ti rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí ìyá aládìrẹ Ìtokú bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dídá ìlà MX rẹ̀ padà. Bí ó bá sì ti fi nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ ìwé tó kọ lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà Peckham ì bá pè é kó tó lọ ra aṣọ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó ì bá gbà á lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan lọ, tó yẹ kó bi ọmọkùnrin yẹn kó tó fọwọ́ kan wẹ́bùsáìtì: “Bó o ṣe fẹ́ kó o lọ yìí, ímeèlì mi ńkọ́?”